Ẹ Dárúkọ Ọmọ Náà

Wọ́n tún ti gbé fọ́tò yẹn jáde o. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí: àwọn agbábọ́ọ̀lù òyìnbó tí wọ́n fi nǹkan dúdú kun ojú lórí pápá ní Ítálì. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti ké bí ọ̀bọ lé adúláwọ̀ kan lórí ní Yúróòpù, ẹnì kan á wá a jáde, a ó sì máa fi àwòrán ọkàn pupa dá a lóhùn. Ìfẹ́ rèé! Ọmọlúàbí rèé! Ta ni wọ́n torí ẹ̀ kunjú? Kò sẹ́ni tó ń bèèrè.

Akeem Omolade ni. Ọmọ Nàìjíríà, Kàdúná ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1983.

Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ọdún 2001, Treviso, ẹgbẹ́ tí Akeem ń gbá bọ́ọ̀lù fún, lọ gbá bọ́ọ̀lù nílé Ternana, nínú Serie B, líìgì kejì Ítálì. Ọmọ ọdún 18 ni Akeem nígbà yẹn. Bí wọ́n ṣe ní kó dìde lórí bẹ́ǹṣì kó wọlé, àwọn alátìlẹ́yìn Treviso tí wọ́n tẹ̀ lé ẹgbẹ́ wọn dé ìlú Terni bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e. Wọ́n ká àsíá wọn, wọ́n jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Àwọn ará Treviso ni mo wí, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa kọrin fún un, tí jẹ́sì tó wà lọ́rùn ẹ̀ jẹ́ tiwọn. Lọ́sẹ̀ kejì, tí Genoa wá bá wọn nílé, ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kunjú, títí kan àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo ayé ya fọ́tò.

Lẹ́yìn náà ńkọ́?

Treviso já bọ́ sí Serie C1, líìgì kẹta, lọ́dún yẹn. Torino, ẹgbẹ́ mìíràn ní Ítálì, mú Akeem, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ò múlẹ̀ níbẹ̀. Ó di ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri ìsàlẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ ní Sicily láàárín àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Ní Ítálì, láti Serie D lọ sísàlẹ̀, wọn kì í ka agbábọ́ọ̀lù sí òṣìṣẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Owó tí wọ́n ń fún wọn, owó ìnáwó ni wọ́n ń pè é. Bí orúnkún bá yẹ̀, tìẹ ló yẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n bá òkú ẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Palermo. Ọmọ ọdún 39.

Àkókò kan náà ni Obafemi Martins kúrò ní ẹgbẹ́ Ebedei, Ṣágámù, lọ sí Reggiana ní Ítálì. Inter mú un lọ́dún 2001, gbogbo wa sì mọ Obagoal, a mọ bó ṣe ń tàkìtì. Nígbà tí ẹgbẹ́ Napoli fi Osimhen, agbábọ́ọ̀lù wọn, ṣe yẹ̀yẹ́ lórí TikTok lọ́dún 2023, ariwo wa ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò jẹ góòlù púpọ̀, tí kò dé ibi tí kámẹ́rà wà, ṣé ọmọ wa kọ́ nìyẹn ni?

Àwọn kan á sọ pé bí kì í bá ṣe ti fọ́tò yẹn, ta ni ì bá gbọ́ nípa rẹ̀. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹni tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ni ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀ yìí?

Mi ò bínú sí àwọn tó kunjú. Ẹlòmíì ì bá fojú fò ó dá. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ọmọ náà fúnra rẹ̀, nílé àjèjì, tí gbogbo wọn ń kunjú nítorí tiẹ̀. Ṣé orí ẹ̀ wú, àbí ojú ń tì í? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ṣe ló yẹ kí wọ́n kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn. Ní báyìí, kò dá mi lójú mọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, tí àwọn aláṣẹ líìgì sì gba àmì ayò lọ́wọ́ Treviso, àwọn tó ká àsíá ní Terni yẹn, orí ta ni wọn ì bá di ẹ̀bi ẹ̀ rù?