Àtúnṣe: Àpọ̀jù ajílẹ̀ kì í sọ oúnjẹ ẹran di gidi

Wọ́n ń pín in kiri pé bí yúríà, ajílẹ̀ tó kún fún náítírójìn, bá ṣe pọ̀ tó lórí oko tí a gbin koríko àti irúgbìn ìdílé ẹ̀wà pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ẹran ibẹ̀ yóò ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lóòótọ́, koríko á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n á ga bo irúgbìn kejì mọ́lẹ̀. Irúgbìn yìí, tí kòkòrò àìfojúrí inú gbòǹgbò rẹ̀ ń fa náítírójìn fún láti inú afẹ́fẹ́, á dín kù, púrótéènì rẹ̀ á sì bá a lọ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtáṣíọ̀mù, àwọn èròjà ajílẹ̀ mìíràn, ni irúgbìn ìdílé ẹ̀wà yìí sábà máa ń nílò. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni náítíréètì, èròjà tí náítírójìn inú ajílẹ̀ máa ń dà nínú ilẹ̀, tó lè kó jọ sínú koríko, pàápàá lásìkò ọ̀dá: ó lè pa màlúù láàárín wákàtí díẹ̀.