Irọ́ ni pé olówó nìkan ni àkítẹ́ẹ̀tì wà fún

Nípàdé alájẹṣẹ́kù wa ní Kubwa, l'Abuja, lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ti ra ilẹ̀ sọ́nà Kuje, ó ku ká bẹ̀rẹ̀ ilé, ni ẹ̀gbọ́n wa kan bá dìde, wọ́n ní owó tá a fẹ́ kó fún àkítẹ́ẹ̀tì yẹn, ìyẹn ẹni tó máa ya àwòrán ilé, ẹ jẹ́ ká fi ra síméǹtì, bíríkìlà tó mọṣẹ́ ti tó, àwọn olówó Maitama ló ń wá àkítẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó dùn mí gan-an, torí ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ nìyẹn, òun ló sì ń jẹ wá lówó.

Ẹ wo ilé témi fúnra mi kọ́ sí Lugbe láìsí àkítẹ́ẹ̀tì. Ínṣì 18 ni gígùn bulọ́ọ̀kù kan, kò sẹ́ni tó fi ìyẹn ṣírò gígùn ògiri kankan, bíríkìlà ń fọ́ bulọ́ọ̀kù ní gbogbo kọ̀rọ̀ títí àfọ́kù fi di òkìtì níwájú ilé, owó mi sì ni gbogbo ẹ̀. Kíṣìnì wà níwájú, balùwẹ̀ wà lẹ́yìn, páìpù wá gba gbogbo ilé kọjá. Yàrá tí mò ń sùn kọjú síbi tóòrùn ti ń wọ̀, tó bá ti di oṣù kẹta, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ògiri ẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ máa yára fà á padà. Kò sí iye síméǹtì tó lè tún ìyẹn ṣe, orí pépà ló yẹ ká ti yanjú ẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ ẹgbẹ́ ló fẹ́ kọ́lé, èrè ẹ̀ tún pọ̀ sí i. Àwa 20, dírọ́ìn kan náà, owó ẹ̀ pín sọ́nà 20. Tílé méjì-méjì bá sì fẹ̀yìn tira, ògiri 10 la ò ní kọ́ rárá.

Ní Iquique, lórílẹ̀-èdè Chile, 7,500 dọ́là péré ni owó ìjọba fún ìdílé kan, ilẹ̀ àti ilé wà nínú ẹ̀. Àkítẹ́ẹ̀tì kan, Alejandro Aravena, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò torí ẹ̀ kó àwọn ìdílé náà lọ sẹ́yìn ìlú, ìdajì ilé ni wọ́n kọ́, ìdajì tó le fún aláìní láti dá kọ́, ìyẹn kíṣìnì, balùwẹ̀, àtẹ̀gùn àti ògiri àárín ilé sí ilé, wọ́n fi àyè ìyókù sílẹ̀ fónílé. Ọdún 2004 ni wọ́n parí ẹ̀. Àwa náà kúkú ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀, àmọ́ tiwọn, látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ ibi tí yàrá tó kù máa wà. Aládùúgbò mi ní láti fọ́ ògiri, kó ṣí páànù, kó tó lè fi yàrá kan ṣoṣo kún tiẹ̀.

Ní Barcelona náà, ìdílé 28 dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n kọ́ ilé alájọgbé kan tí wọ́n pè ní La Borda, tí wọ́n parí ní 2018. Àwọn àtàwọn àkítẹ́ẹ̀tì jọ jókòó ni, wọ́n yọ ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀ kúrò torí owó ẹ̀, wọ́n ṣe yàrá ìfọṣọ kan fún gbogbo ilé, yàrá àlejò náà, wọ́n jọ ń lò ó ni.

Lóòótọ́, àkítẹ́ẹ̀tì ò lè mú kí owó ilẹ̀ Abuja wálẹ̀, àwọn kan sì wà tó jẹ́ ilé ńlá nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n yà. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ ní fún un kó tó mú pẹ́ńsùlù.

Mo ti bẹ ẹ̀gbọ́n wa yẹn pé kí wọ́n yà sílé mi lálẹ́ ọjọ́ kan kípàdé tó ń bọ̀ tó pé, kí wọ́n wá fọwọ́ kan ògiri yẹn.