Ìpàdé ìfitónilétí kì í ṣe ìkópa

Ìjọba àpapọ̀ ti fi mẹ́wàá kún ọgbà méje tó ní tẹ́lẹ̀ fún ààbò igbó àti ẹranko (national park), Oba Hills ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì wà lára wọn. A ò takò ó. Igbó tí ayùn àwọn agégẹdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di ìhòòhò yẹ kó rí aláàbò. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé wọ́n tún lè ṣe é láìfi ti ará ìlú ṣe, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é.

Ẹ wo Old Oyo National Park. Ó ti wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti 1991, ó sì gba ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀, ìyẹn orírun àwọn èèyàn kan náà tí òfin ń pè ní arúfin bí wọ́n bá wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Obìnrin tó wọlé lọ ká igbá tí yóò fi ṣe irú, tó ru agbọ̀n rẹ̀ bọ̀ ní kùtùkùtù, arúfin ni bí ẹ̀ṣọ́ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó gẹdú ńkọ́? Ará abúlé mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, ó mọ òru tí wọ́n ń kọjá. Ta ni kó lọ sọ fún? Ṣé ẹ̀ṣọ́ tó gba àdá lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lánàá?

Ọdẹ tó dàgbà sí igbó yẹn mọ odò tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ó mọ ibi tí ẹfọ̀n ti ń mumi, ó lè wo ipa ẹsẹ̀ nílẹ̀ kó sọ fún ọ pé òru àná ni wọ́n kọjá. Bó bá sì di ọjọ́ ìpinnu, kò sí àga fún un.

A ti sọ ọ́ lójú ewé yìí léraléra. Kí wọ́n pe ọba àti baálẹ̀ sí gbọ̀ngàn, kí wọ́n ka ìwé tí wọ́n ti buwọ́ lù ní Àbújá sí wọn létí, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ará ìlú ti fọwọ́ sí i: ó tó gẹ́ẹ́! Ìkópa ni kí ará ìlú ní ìbò nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ọgbà, kó lè sọ pé rárá, kí rárá náà sì dúró.

Ó ti ṣeé ṣe níbòmíràn. Ní Australia, ìjọba dá ilẹ̀ Uluru, níbi tí òkè àpáta ńlá kan wà, padà fún àwọn Anangu tó jẹ́ onílẹ̀ ibẹ̀ ní 1985, àwọn náà sì fi ilẹ̀ náà yá ìjọba gẹ́gẹ́ bí ọgbà fún ọdún 99. Nínú ọmọ ìgbìmọ̀ 12 tó ń darí ọgbà náà, Anangu ni 8. Wọ́n pinnu pé kí àrìnrìn-àjò má gun òkè mímọ́ wọn mọ́, láti 2019 kò sì sẹ́ni tó láṣẹ láti gùn ún. Ní Uganda, òfin ló ní kí ìdá 20 nínú 100 owó ìwọlé ọgbà lọ sí àwọn ìlú tó yí i ká. Owó ọ̀hún kì í fi gbogbo ìgbà dé abúlé, ṣùgbọ́n ará abúlé ní òfin tó lè dì mú.

Àwọn aláṣẹ máa ń ní ẹ̀ṣọ́ ò tó. Òótọ́ ni, ẹ̀mí wọn sì wà nínú ewu. Kí ló wá dé tí wọ́n ń lé ẹni tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ sẹ́yìn?

Kí iṣẹ́ tó lọ síwájú ní Oba Hills, kí mínísítà ètò àyíká tẹ orúkọ ìgbìmọ̀ ọgbà náà síta, kí ọdẹ, àgbẹ̀, darandaran àti àwọn obìnrin wà níbẹ̀, kó jẹ́ àwọn èèyàn wọn ló yàn wọ́n. Kí wọ́n kọ ìpín ará ìlú nínú owó ìwọlé sínú òfin. Kí wọ́n sì fi ibi tí wọ́n ti lè ṣagi, tí wọ́n ti lè káwé, hàn wọ́n lórí ilẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ tó dá ẹnikẹ́ni dúró.