Àìsàn ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ló ni ín

Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Tí àwọn onímọ̀ bá fi fáírọ́ọ̀sì pa ẹ̀fọn, tí ẹ̀fọn yẹn wá jẹ wá, àwa náà ti kó o nìyẹn." Gbogbo àwọn tó jókòó ń mirí sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ṣé ẹ̀fọn kò ti ní fáírọ́ọ̀sì tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Lọ́dún 1975, onímọ̀ méjì, Stollar àti Thomas, rí ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn tó ń jẹ́ Aedes aegypti. Wọ́n gbé e sórí sẹ́ẹ̀lì ẹranko afọ́mọlọ́yàn, kò gbérí níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i lára ẹ̀fọn ìgbẹ́ ní Puerto Rico, ẹ̀fọn tó ti ń jẹ èèyàn tipẹ́.

Èyí tí wọ́n rí ní Florida, ní Amẹ́ríkà, ló wù mí jù. Baculovirus ni, irú fáírọ́ọ̀sì kan tó ń pa kòkòrò; lára ẹ̀fọn tó ń jẹ́ Culex nigripalpus ni wọ́n ti rí i. Tanwíjí á gbé e mì mọ́ omi, yóò wọ inú ìfun rẹ̀, yóò máa bí sí i títí tanwíjí á fi kú. Bí èròjà magnesium ò bá sí nínú omi náà, agbára káká ló fi ń ràn. Anopheles tó jẹ́ ẹ̀fọn bíi tirẹ̀, kò ràn án. Èèyàn wá ni yóò ràn?

Wọ́n ti da baculovirus kòkòrò ajẹwé sórí sẹ́ẹ̀lì èèyàn wò: ó wọlé, àmọ́ kò lè bímọ síbẹ̀. Ní Bràsíìlì, àwọn àgbẹ̀ fọ́n irú rẹ̀ sórí sóyà tó ju mílíọ̀nù kan hẹ́kítà lọ. Èmi náà ti gbin tòmátì. Mo ti rí kòkòrò ajẹwé tó so rọ̀ lórí ewé, tó doríkodò, tó dúdú, tó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá kàn án, omi ló máa dà. Bí irú fáírọ́ọ̀sì yìí ṣe ń pa wọ́n nìyẹn. A ká tòmátì oko náà, a lọ̀ ọ́, a fi se ọbẹ̀, a jẹ ẹ́ tán.

Ẹ ó ní ṣebí ẹ̀fọn ló ń gbé ibà apọ́njú kiri. Bẹ́ẹ̀ ni. Fáírọ́ọ̀sì ibà apọ́njú mọ ọ̀nà ara èèyàn, fáírọ́ọ̀sì ẹ̀fọn tí mò ń sọ yìí ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ á máa lọ.

Ó dáa, nǹkan kan wà tí mo gbà. Densovirus, fáírọ́ọ̀sì ẹ̀fọn mìíràn tí wọ́n kéde lọ́dún 2008, tó ń mú Anopheles gambiae, ẹ̀fọn ibà tiwa níbí gan-an, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á. Tí ẹ bá fẹ́ bá àwọn onímọ̀ jà, ẹ bi wọ́n ìgbà tí wọn ó rí èyí tó lágbára.