Ọdún Eégún Á Tán: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Ti Di Orúkọ Rẹ̀

Àwọn àgbà ní, bó pẹ́ bó yá, ọdún eégún á tán, ọmọ Alágbàáà á fowó ra àkàrà jẹ̀kọ. Ẹni tó bá ti gbé ìlú tí wọ́n ti ń ṣọdún eégún rí kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ òwe yìí fún un. Alágbàáà ni olórí àwọn ọ̀jẹ̀. Bí ọdún bá ti wọlé, ilé rẹ̀ ni oúnjẹ ń wọ́ sí: àkàrà láàárọ̀, ọ̀lẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò kà. Ẹni tó ń tọrọ ọmọ gbé tirẹ̀ wá, ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́dún tó kọjá náà gbé tirẹ̀ wá. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọmọ inú ilé náà kò mọ iye tí wọ́n ń ta àkàrà lójú pópó. Ṣùgbọ́n ọdún kì í kọjá iye ọjọ́ rẹ̀. Bí eégún tó gbẹ̀yìn bá ti wọ igbàlẹ̀, tí wọ́n ká ẹ̀kú pamọ́, alákàrà á gbé agbada rẹ̀ kaná bó ṣe máa ń ṣe, ọmọ Alágbàáà á sì tò sẹ́yìn àwọn ọmọ yòókù, owó lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú òwe yìí ni pé kò bú ẹnikẹ́ni. Kò ní kí ọmọ náà má jẹun nígbà ọdún, kò sì sọ pé irọ́ ni ọdún. Àkàrà tó jẹ, àkàrà gidi ni. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún un, ọ̀wọ̀ gidi ni. Ìjọ̀ngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ bó bá lọ gbà pé nítorí ojú òun ni àkàrà ṣe ń wọlé. Ẹ tún wò ó: kì í ṣe òun ló ń jó lábẹ́ ẹ̀kú, òun kọ́ sì ni Alágbàáà. Bàbá rẹ̀ ló joyè, abẹ́ oyè lòun ti ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ipò kan ṣe ń bọ́ ìyàwó ọ̀gá, ọmọ ọ̀gá, àti àbúrò ọ̀gá tó ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ojú títì. Lọ́jọ́ tí ipò bá lọ, àwọn tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ra àkàrà á kún ilé.

Láyé àwọn baba wa, iṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣe é kì í tètè pínyà, nítorí pé ìdílé ni iṣẹ́ ń bá rìn. Bí o bá gbọ́ Àyándélé, o mọ̀ pé ilé onílù ni; Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ; Ọ̀jẹ́wùmí, ilé eégún; Ọnàbánjọ, ilé oníṣẹ́ ọnà. Kí ọmọ tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni wọ́n ti fi iṣẹ́ kì í. Ẹ má jẹ́ ká pọ́n ayé àtijọ́ ju bó ṣe yẹ lọ o: ọmọ onílù tí kò nífẹ̀ẹ́ sí ìlù kò ríbi sá sí. Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ ọ́fíìsì kò ní. Kò sẹ́ni tó ń kọ lẹ́tà sí onílù pé ó tó gẹ́ẹ́. Bí apá rẹ̀ kò bá gbé gángan mọ́, á jókòó sí tòsí ibi tí àwọn ọmọ ti ń lù, á máa bá wọn wí níbi tí wọ́n bá ti ṣì í lù. Alágbẹ̀dẹ tó darúgbó fi ọmọ owú sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, kò fi àgbẹ̀dẹ sílẹ̀. Iṣẹ́ ń fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò fúyẹ́.

Iṣẹ́ ìjọba ló mú ọjọ́ ìparí wá fún wa. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá pé 60 ọdún, tàbí tó bá lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì, ilé yá. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 fi kún ti àwọn olùkọ́, ó sọ ọ́ di 65 ọdún tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì àti adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ń dé 70. Ó kéré tán, ẹni tó mọ ọjọ́ rẹ̀ ráyè palẹ̀ mọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní 1975, nígbà tí ìjọba Murtala Muhammed gorí àlééfà, kò ráyè kankan. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ju 10,000 òṣìṣẹ́ ìjọba lọ tí wọ́n yọ níṣẹ́. Ẹni tó jí ní ọ̀gá, kó tó di ọ̀sán kò mọ ohun tí yóò pe ara rẹ̀ mọ́.

Ìpè yẹn gan-an ló ń wọni lẹ́wù. Ní ilẹ̀ wa, ọmọdé kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí, nítorí náà orúkọ iṣẹ́ tètè bọ́ sípò: Ọ̀gá, Tíṣà, Dókítà, Lọ́yà, Ẹnjiníà, Alága. Ẹ lọ síbi ìgbéyàwó kan lọ́jọ́ Sátidé, kí MC gbàgbé láti fi "Ẹnjiníà" ṣáájú orúkọ ẹnì kan lórí ìjókòó ọlá, ẹ ó rí bí ojú onítọ̀hún á ṣe kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti dá ètò dúró nítorí rẹ̀. Tó bá ti di bí 30 ọdún tí etí ti ń gbọ́ "Ọ̀gá" láàárọ̀ àti lálẹ́, tí mẹ́sẹ́ńjà ń gba báàgì, tí awakọ̀ ń ṣílẹ̀kùn, ara á gbà pé ara òun ni wọ́n ń pè. Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé kan á wá mọ́, fóònù ò ní dún. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Ẹni tó wà lórí àga ni wọ́n ń wá, ẹlòmíràn ló sì wà níbẹ̀ báyìí.

Ní ti owó, òfin ti gbìyànjú díẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán 8 nínú 100 owó òṣìṣẹ́ lóṣooṣù, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 lé e. Owó àkàrà nìyẹn. Bó ṣe máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ìjà ọ̀tọ̀ ni, n kò ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbí. Orúkọ tí èèyàn á máa jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń yọ ìyẹn sọ́tọ̀ lóṣooṣù.

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ìṣẹ́ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ń wò. Abúlé kan wà lórílẹ̀-èdè Austria, nítòsí Vienna, tí wọ́n ń pè ní Marienthal. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo abúlé náà. Ọdún 1929 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé, nígbà tó sì fi di 1931 tí Marie Jahoda àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣèwádìí níbẹ̀, ilé tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni kò ní ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ mọ́. Èèyàn á rò pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ á ráyè kàwé. Rárá o, ìwé tí wọ́n ń yá ní ilé ìkàwé abúlé ń dín kù ni. Àwọn olùwádìí yìí fara pamọ́ sójú fèrèsé, wọ́n ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń kọjá: àwọn ọkùnrin ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ń dúró lọ́nà léraléra bíi pé wọn kò lọ síbì kankan. Ọ̀pọ̀ wọn kò mú aago dání mọ́. Bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti ṣe láti àárọ̀, wọn kì í rí nǹkan gúnmọ́ sọ. Àwọn obìnrin abúlé kan náà ń yára rìn ní tiwọn. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn náà, ṣùgbọ́n oúnjẹ wà láti sè, ọmọ wà láti tọ́, aṣọ tó ti gbó wà láti tún rán.

Bí mo ṣe ń wo ọ̀rọ̀ Marienthal yìí, àdúgbò wa ni mò ń rí. Ìyá tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti di Ìyá Ìjọ kí lẹ́tà tó dé. Ó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ń kó aṣọ tà díẹ̀díẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń pè é láti Lọ́ńdọ̀nù pé kó wá bá òun wẹ ọmọ tuntun. Ìyá Dàpọ̀ ni wọ́n ń pè é nígbà tó ń ṣiṣẹ́, Ìyá Dàpọ̀ náà ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn iṣẹ́. Bàbá Dàpọ̀ jókòó sí fàráńdà ní tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn àná. Ó tilẹ̀ ń bínú pé ìyàwó òun kì í gbélé. Ẹ máà wá rò pé àwọn obìnrin ti yọ nínú ewu o. Ẹni tí gbogbo ayé ń fi orúkọ ọmọ pè, bí ọmọ náà bá fò lọ sí Kánádà, ilé á dá wáí mọ́ ọn lórí. Ẹni tí kò rí ọmọ bí sì wà, tí àdúgbò kò mọ orúkọ tí wọn á fún un, tí òun náà ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbọ́ "Ìyá" tí wọ́n ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ipò ìyá náà ní ọdún eégún tirẹ̀, kì í dé gbogbo ilé, kì í sì í pẹ́ bákan náà níbi tó dé.

Àwọn tó já pa lọ sí Ìlú Ọba mọ òwe yìí ju àwa tó wà nílé lọ. Tiwọn kò dúró de 60 ọdún. Ẹlòmíràn nínú wọn ò tíì pé 35 tí ọdún fi tán. Ní oṣù kejì 2022, ìjọba ibẹ̀ fàyè gba àwọn tó fẹ́ wá tọ́jú arúgbó láti gba físà òṣìṣẹ́ ìlera, ọ̀pọ̀ ọmọ wa sì gba ọ̀nà yẹn wọlé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ní 2025. Òṣìṣẹ́ báńkì wà nínú wọn, olùkọ́ wà nínú wọn. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń wẹ arúgbó, wọ́n ń pààrọ̀ ìlédìí. Kò sí ìtìjú nínú wíwẹ arúgbó. Bó bá jẹ́ ìyá ẹni ni, àdúrà ni wọn á máa rọ̀ léni lórí. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé níbi tí wọ́n wà, kò sẹ́ni tó mọ ilé tí wọ́n ti wá, ọmọ ogún ọdún ló ń pè wọ́n lórúkọ gbàǹgbà. Nígbà tó di oṣù kẹta 2024, òfin tún ní ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́nà yìí kò gbọ́dọ̀ mú aya tàbí ọmọ dání. Ọkùnrin tó ti fi tábìlì báńkì sílẹ̀ wá di bàbá inú fóònù. Ìdí nìyí tí ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi ń kún fọ́fọ́ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni ẹni tí kò jẹ́ nǹkan kan láti Ọjọ́ Ajé ti ń di Díákónì, Akọ̀wé, Bàbá Ìsàlẹ̀. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé oyè ni wọ́n ń lé kiri. Èmi ò ní bá wọn rẹ́rìn-ín. Oògùn tí ara ń béèrè ni.

Kí wá ni kí ẹni tó ṣì wà nínú ọdún ṣe? N kò ní kí ẹ fiṣẹ́ ṣeré. Nídìí iṣẹ́ ẹni la ti ń mọni lọ́lẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ wá ibì kan tí iṣẹ́ yín kò ti já mọ́ nǹkan, kí ẹ sì máa lọ síbẹ̀ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún yín. Kì í ṣe ibi tí ẹ ó ti lọ jókòó sórí àga ọlá, tí ẹ ó náwó, tí wọ́n á kì yín, tí ẹ ó sì lọ ilé. Ọdún eégún kejì nìyẹn. Ẹ wọ ẹgbẹ́ akọrin, kí ọ̀gá akọrin sọ fún yín pé ohùn yín ti yà. Ẹ gba iṣẹ́ akápò nínú ẹgbẹ́ tí ẹ jọ jáde ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n bá yín fa ọ̀rọ̀ lórí ìṣirò. Ẹ lọ sídìí ayò. Ọ̀ta kì í wo ipò kó tó pani láyò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń fi gún òpè lára níbẹ̀, kò sí ọmọ abẹ́ yín kan tó jẹ́ sọ ọ́ sí yín lójú. Ó máa ń dunni lákọ̀ọ́kọ́.

Ẹ tún máa fúnra yín ra àkàrà. Bó ṣe rí gan-an ni mo sọ ọ́: ẹ wakọ̀ fúnra yín lọ́jọ́ Sátidé, ẹ tò sórí ìlà báńkì, ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta ata. Mo ti rí ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń san owó iná.

Ẹ wo tíṣà. Owó rẹ̀ kò tó ti dáyírẹ́tọ̀, ipò rẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bó bá pé 80 ọdún, ẹni 50 ọdún á ṣì dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín ọjà: "Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé ara le sà?" Inú àwọn èèyàn ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, inú fáìlì ni ti dáyírẹ́tọ̀ wà, ẹni tó gbàpò rẹ̀ sì ti kó fáìlì kúrò. Nítorí náà, iṣẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ ní ẹni tí ẹ ń kọ́ níbẹ̀, kó má ṣe jẹ́ ìbátan yín nìkan.

Ó ku àwọn ọmọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ipò àgbà ni wọn kì í fún ní lẹ́tà ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n ọjà gbọ́dọ̀ wà tí àgbà á jókòó sí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń fowó ránṣẹ́ sí bàbá, ẹ ń kí i lọ́jọ́ Àìkú, ẹ kì í bi í léèrè ohunkóhun. Ẹ ti sọ ọ́ di àlejò nílé ara rẹ̀. Ẹ fún un níṣẹ́, iṣẹ́ gidi. Ìwé ilẹ̀ ẹbí tó fọ́n káàkiri, ẹ ní kó tò ó. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ẹ̀yin tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti ìjọ́sí, ẹ gbé e síwájú rẹ̀ kó dá a. Oríkì tí ọmọ yín tó wà ní Houston kò gbọ́ rí, ẹ ní kó máa kọ́ ọ nírọ̀lẹ́ Sátidé lórí fóònù. Kí ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó gba èsì, kí ẹ sì pè lọ́jọ́ náà. Bí kò bá tíì ṣe é, ẹ má sọ pé "Ẹ má ṣèyọnu, Dádì." Ẹ bi í pé ìgbà wo ló máa parí. Á ráhùn pé ẹ kò jẹ́ kí òun sinmi, á sì jí lọ́jọ́ kejì kó tó di aago mẹ́fà láti wá gíláàsì ojú rẹ̀.