Ṣé Dandan Ni Kí Wọ́n Hú Ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ nídìí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta gíga tí wọ́n ní ó dúró lójú oórì Ọ̀rànmíyàn ní Ifẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé ṣì ń dùn mí. Mo mú àwọn àlejò mi láti Ìbàdàn lọ síbẹ̀, bàbá tó ń mú wa yíká sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìtàn tí gbogbo ọmọ Ifẹ̀ mọ̀, bí Ọ̀rànmíyàn jagunjagun ṣe wọlẹ̀ tó ní kí wọ́n máa pe òun bí ogun bá dé, àti bí àwọn tí ọtí ń pa lọ́jọ́ ọdún ṣe pè é láìsí ogun, tó fi jáde, tó ń bẹ́ àwọn ènìyàn lórí kó tó mọ̀ pé ará ilé òun ni. Ni ọmọkùnrin yìí bá ní, "Bàbá, kí ló dé tí wọn kò hú ibẹ̀, ká rí i bóyá egungun ènìyàn wà níbẹ̀ lóòótọ́?" Bàbá wò ó títí, ó ní, "Ìwọ, ṣé o ti hú ti bàbá bàbá rẹ wò?"

Bàbá ló jàre. Òkúta náà ga ju mítà 5 lọ, ìṣó irin tó lé ní 100 ni àwọn baba wa kàn mọ́ ọn lára, ẹni tó bá sì sún mọ́ ọn yóò rí ojú ibi tó ti kán rí tí wọ́n so ó pọ̀ padà. Ta ló ń ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ òfìfo? Ní agboolé wa, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sin bàbá bàbá mi sí, ẹ̀gbẹ́ ojú oórì rẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni àwọn ìyá wa ń jókòó sí ṣa ẹ̀wà, kò sì sí ọmọ kan tó béèrè ẹ̀rí pé ó wà níbẹ̀. Àwọn tó ń pariwo ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yóò ní ayé ti yí padà. Kí wọ́n fi ti ìdílé tiwọn bẹ̀rẹ̀ ná.

A kúkú ti rí ohun tó máa ń tẹ̀lé ilẹ̀ híhú. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938, tí wọ́n kan àwọn orí idẹ, kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn fi sọdá òkun, ọ̀kan sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní.

Síbẹ̀, ohun kan ń bá mi jà nínú. Ní Láfogídò, níbi tí wọ́n ní wọ́n sin Ọọ̀ni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn sí, Ekpo Eyo, onímọ̀ tó ń walẹ̀ wá ìtàn, hú ilẹ̀ ní 1969, ó sì kan ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, pẹ̀lú àwọn ìkòkò tó ní orí ẹranko tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Ní Ọ̀run Ọba Adó, níbi tí àwọn àgbà ní wọ́n ń gbé ohun ara àwọn ọba Bìní wá sin sí, Frank Willett, onímọ̀ bíi ti Eyo, hú àwọn kòtò kan, ọjọ́ orí èédú inú wọn sì tó nǹkan bí ọdún 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fi ń yangàn Ifẹ̀ lójú àwọn àlejò mi, ọwọ́ àwọn tó gbẹ́lẹ̀ ló ti wá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé tí mo fara mọ́ ti Láfogídò tí n kò fara mọ́ ti Ọ̀rànmíyàn, n kò tíì ní èsì tó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Mo kàn mọ̀ pé n kò fẹ́ wà nítòsí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ṣọ́bìrì lọ síbẹ̀.