Èsì sí oníbàárà wa ní Ìjẹ̀dẹ̀ lórí Silkie mẹ́ta tó kú

Ẹ káàárọ̀ mà. Kí Ọlọ́run fi òfò ra ẹ̀mí. Mo rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa, mo sì ka gbogbo ohun tí ẹ kọ: pé ẹ ra Silkie mẹ́fà, adìẹ onírun bí òwú yẹn, lọ́wọ́ wa, pé mẹ́ta ti kú nínú òjò oṣù Keje yìí, pé a sọ fún yín pé òtútù kì í ran adìẹ yìí, pé àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ adìẹ aláìsàn la tà fún yín. Ẹ tún ní ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Kánádà ló ní kí ẹ dí ilé wọn pa kí ẹ sì gbé iná sí i, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó jẹ́ tèmi. Lóòótọ́, mo sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ò rí irun lára rẹ̀ ni? Kí ni òtútù fẹ́ fi í ṣe?" Ọ̀rọ̀ ọjà ni, mi ò sì sọ ọ́ tán. Bí òtútù bá gbẹ, Silkie á fara dà á. Tí omi bá ti bá òtútù wá, kò sí adìẹ tó rọrùn fún un láti pa tó o.

Ìyẹ́ adìẹ ìbílẹ̀ ní àwọn ìkọ́ tín-tìn-tín tó so fọ́nrán kan mọ́ èkejì. Òun ni òjò ṣe ń rọ̀ lé e, tí á kàn gbọn ara, tí omi á dà nù. Silkie ò ní ìkọ́ yẹn, ìyẹ́ rẹ̀ ò so mọ́ra, ló ṣe rí bí òwú. Marco Polo tó dé Ṣáínà ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn náà kọ̀wé nípa adìẹ kan níbẹ̀ tí irun rẹ̀ dà bíi ti ológbò. Omi tó bá kan irú irun bẹ́ẹ̀, awọ ló ń lọ tààrà. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀; ti Silkie, ó lè ti tutù rinrin lábẹ́ kí òkè ṣì máa dán lójú ẹni.

Ẹ rántí ohun tí a jọ rí nígbà tí mo wá sílé yín ní Sátidé. Mo ká náílọ́nù tí ẹ fi dí ilé wọn sókè, omi ń kán lára rẹ̀ bí ìdérí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lórí iná. Òórùn ìgbẹ́ wọn ta wá lójú, ẹ̀yin fúnra yín fi ìborùn bo imú. Èyí funfun tí mo gbé, mo fi ìka ya irun àyà rẹ̀ sọ́tọ̀, awọ dúdú yẹn tutù bí ẹja. Ẹrẹ̀ ti dì sáàárín irun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó le bí ẹ̀kùrọ́. Òjò kankan ò wọ ibẹ̀ o. Omi tí wọ́n mí síta àti èyí tó wà nínú ìgbẹ́ wọn ni, kò ríbi gbà jáde.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Lọ́hùn-ún tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, àwọn tó mọ Silkie sìn kì í dí ilé pa. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lu adìẹ lára ni wọ́n ń dí, wọ́n á wá dá àyè sílẹ̀ lókè, lábẹ́ òrùlé, kí ọ̀rinrin lè bá ibẹ̀ lọ. Bí kò bá ríbi lọ, yìnyín á jẹ ogbe adìẹ, á dúdú, á sì kú. (Ogbe Silkie kéré, ó rí kúlúkúlú, ìyẹn ń yọ ọ́ díẹ̀.) Wọ́n tún ń fi nípù, ẹnu rọ́bà tí adìẹ ń ṣá kí omi tó kán, fún wọn lómi dípò abọ́, kí irùngbọ̀n wọn má bàa tutù. Tiwa ò ní dì, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n tó tutù láti àárọ̀ dalẹ́ létí ọ̀sà níbí ò dáa.

Iná èédú yẹn ni mi ò lè gbà sọ́rùn, mà. Méjì kú lóru kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìní ọgbẹ́, láìwúkọ́. Nǹkan tó ń jáde lára èédú nínú ilé tó dí ò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn, áńbọ̀sìbọ́sí adìẹ tí kò tó kílò méjì. A ò gbé òkú wọn fún dókítà ẹran, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lèmi máa kọ́kọ́ wò. Òròmọdìẹ ló ń fẹ́ iná, 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àgbà adìẹ tí ara rẹ̀ gbẹ ò nílò rẹ̀ ní Ìkòròdú.

Ẹ̀kẹta yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ kó tó kú. Kòkòrò tó ń gbèrú nínú sọ́dọ́ọ̀sì (lẹ́búlẹ́bú pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ fún wọn) tó rin ló sábà ń fa ìyẹn, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran wo mẹ́ta tó kù lọ́sẹ̀ yìí. Ní ti adìẹ aláìsàn, gbogbo wọn ló mu àjẹsára lúkúlúkú kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ mi, àwọn tí wọ́n jọ jáde nínú ẹyin lọ́jọ́ kan náà sì wà lágọ̀ọ́ mi, ẹ wá wò wọ́n.

Silkie kì í fò lọ bà sórí igi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn, wọ́n á wọ́ jọ sí igun kan, nítorí náà ilẹ̀ yẹn gan-an ni ibùsùn wọn. Ẹ bá mi gbé e ga, kí páànù yọ síwájú dáadáa, kí sọ́dọ́ọ̀sì nípọn. Èyí tí òjò bá pa, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún, kí ẹ fi díráyà irun gbẹ ẹ́ dé awọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà ń ṣe é.

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ òtútù yẹn kúrò nínú ìpolówó wa. Màá fún yín ní ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́, méjì yòókù ní ìdajì owó. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ wá fọwọ́ bọ sọ́dọ́ọ̀sì yín. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ̀kẹ́ máa gbé wọn dé.